Onílù Ni Ajubọ́ọ̀lù: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ohun Tó Ń Sọni Di Ọ̀gá Lórí Òkìtì Bésíbọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin bàbá wa, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Alága ìjókòó, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ìkòkò láti àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o, òórùn ọbẹ̀ yín ti dé ọ̀dọ̀ wa níbí, n ò ní pẹ́ jù. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, tí ẹ dé fìlà bésíbọ́ọ̀lù wọ gbọ̀ngàn, tí wọ́n ní kí ẹ ṣí i tí ẹ kọ̀, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá sọ̀rọ̀. Ẹ fi fìlà yín sórí.

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ níbi àpèjọ ọdún yìí, ó ti rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni màá sọ. Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù nínú bésíbọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ sọ. Ó dákẹ́ lórí fóònù. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara yín le ṣá?"

Ara mi le. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Mélòó nínú wa ní Houston yìí ló ń gbé ọmọ lọ sí pápá bésíbọ́ọ̀lù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé? Ẹ nawọ́ sókè. Ẹ wò ó, ó pọ̀. Mélòó nínú wa ló ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀? Ẹ̀hẹn. A ó tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nítorí ooru, a ó máa wo WhatsApp. Bí ọmọ bá dé, ìbéèrè kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu wa ni, "Ṣé ẹ borí?" A ò mọ ohun tí ọmọ ń ṣe níbẹ̀. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n nígbà tèmi, ohun tí àìmọ̀ mi sì dá sílẹ̀ nínú ilé mi, màá sọ ọ́ kí n tó jókòó.

Eré tí ẹnikẹ́ni kì í sáré nínú rẹ̀

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n mú mi lọ wo eré yìí, ọkùnrin kan ló dúró lórí òkìtì láàárín pápá. Ó fọwọ́ kan fìlà. Ó tutọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó mi orí bíi pé ó ń kọ oúnjẹ. Ó tún fọwọ́ kan fìlà. Mo bi ẹni tó mú mi lọ pé, "Ṣé bàbá yìí ò ní ju bọ́ọ̀lù ọ̀hún kí á máa lọ ilé ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọkùnrin yẹn ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n rárá. Ajubọ́ọ̀lù dúró lórí òkìtì tó ga ní íńsì mẹ́wàá. Láti ibẹ̀ dé ibi rọ́bà funfun tí wọ́n ń pè ní ilé, ẹsẹ̀ bàtà 60 àti íńsì 6 ni. Ọdún 1893 ni wọ́n ti fi í síbẹ̀, kò sì tíì yẹ̀ títí dòní. Rọ́bà náà ò fẹ̀ ju íńsì 17 lọ. Ẹni tó di igi mú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Onígi ni màá máa pè é, kì í ṣe èyí tó ń ta igi ìdáná o. Lẹ́yìn onígi ni ẹnì kan lóṣòó sí, tó wọ ìbọ̀wọ́ awọ ńlá, tó ń hán bọ́ọ̀lù. Ahánbọ́ọ̀lù nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá gba orí rọ́bà yẹn kọjá láàárín orúnkún onígi sí àyà rẹ̀ tí kò gbá a, òfo kan. Bó bá fì igi tó gbá atẹ́gùn, òfo nìyẹn náà. Òfo mẹ́ta, onígi jáde. Bí ajubọ́ọ̀lù bá ju mẹ́rin sí ìta, onígi á rìn lọ́fẹ̀ẹ́. Abala mẹ́sàn-án ló wà nínú eré kan. Òfin tó kù, ẹ bi ọmọ yín, inú rẹ̀ á dùn.

Wàyí o, báwo ni bọ́ọ̀lù yìí ṣe ń yá tó? Èyí tó ń sáré máìlì 95 ní wákàtí kan, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan ló fi ń dé ilé. Kí o tó pe orúkọ ara rẹ tán, ó ti wà nínú ìbọ̀wọ́. Nínú àkókò kékeré yẹn, nǹkan bí ìdajì ló kù fún onígi láti pinnu bóyá kó fì í tàbí kó má fì í. Ṣé ẹ rí i báyìí pé onígi ò lè dúró wo bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ó ń méfò ni. Ó ti wo ejìká ajubọ́ọ̀lù, ó ti wo ọwọ́, ó ti rántí ìgbà tó kọjá, ara rẹ̀ sì ti ń ka àkókò kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú.

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Warren Spahn, ọlọ́wọ́ òsì tó borí nínú eré 363, tí kò tíì sí ọlọ́wọ́ òsì mìíràn tó bá a dé ibẹ̀, sọ ọ́ ní gbólóhùn kan. Ó ní iṣẹ́ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, àkókò ni. Iṣẹ́ ẹni tó ń jù ú, kó ba àkókò yẹn jẹ́ ni.

Ẹ̀kíní: ìlù àti ijó

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ òde ìnáwó rí, ẹ gbọ́ èyí. Oníjó kan bọ́ síta, ó rò pé òun ti mọ̀ ọ́n jó. Onígángan wò ó, ó fún un ní ìlù kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹsẹ̀ oníjó ti mọ ibi tí ìlù ń bọ́ sí, ó ti ń fi ejìká ṣẹ́ yẹ̀yẹ́ fún àwọn ará òde. Ní ìgbà kẹrin, onílù dẹ osán díẹ̀. Ìlù náà pẹ́ kó tó dún, bí ìmí ẹnì kan báyìí. Ẹsẹ̀ oníjó ti wà lókè, kò ríbi sọ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo òde pariwo. Kí ni onílù ṣe? Kò lù ú kíkan. Kò pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni.

Bọ́ọ̀lù kan wà tí wọ́n ń pè ní changeup. Apá á fì bí ó ṣe máa ń fì, ojú á le bí ó ṣe máa ń le, ẹsẹ̀ á nà bó ṣe máa ń nà. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù náà ti jìn sínú àtẹ́lẹwọ́, tó bá jáde, ó fi nǹkan bíi máìlì mẹ́wàá dín sí èyí tí onígi ń retí. Onígi á ti fì í tán kí bọ́ọ̀lù tó dé. Mo ti rí géńdé tó ga bí ọ̀pẹ tó yí ara rẹ̀ ká títí ó fi kúnlẹ̀, nítorí bọ́ọ̀lù tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ojú lásán kà àkọlé ara rẹ̀.

Greg Maddux nìyẹn ní gbogbo ayé rẹ̀. Bí ẹ bá rí i níbi tó ti ń ra búrẹ́dì, ẹ ó rò pé akọ̀wé báńkì ni. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò yá ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ láti 1992 dé 1995, ọdún mẹ́rin léra wọn, òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Cy Young, èyí tí wọ́n ń fún ajubọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ nínú líìgì. Ó ju bọ́ọ̀lù ní abala tó lé ní 5,000, iye onígi tó jẹ́ kó rìn lọ́fẹ̀ẹ́ ò sì pé ẹgbẹ̀rún: 999 ni. Ní oṣù keje ọdún 1997, ó parí odindi eré kan láì ju bọ́ọ̀lù 80. Ẹlòmíràn á ju ọgọ́rùn-ún kò ní rí abala kẹje.

Satchel Paige ńkọ́? Mobile ní Alabama ni wọ́n bí i sí, ní 1906. Nítorí àwọ̀ rẹ̀, wọn ò jẹ́ kó dé líìgì ńlá. Òun àti àwọn aláwọ̀ dúdú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní líìgì tiwọn. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un ní 1948, ẹni ọdún 42 ni. Ó ní bọ́ọ̀lù kan tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti kanlẹ̀, onígi á ti múra sílẹ̀ fún un, apá Paige á sì kọ̀, kò tíì ní wá. Á dúró díẹ̀. Ìgbà náà ni yóò tó wá jù ú. Ẹ̀yin ará mi, wọ́n bínú sí bọ́ọ̀lù yẹn débi pé ààrẹ líìgì ní kò gbọ́dọ̀ jù ú mọ́! Onílù tí wọ́n ní kó má dẹ osán mọ́, ṣé ẹ ti rí irú rẹ̀? Ní 1965, nígbà tó di ẹni ọdún 59, ó tún bọ́ sórí òkìtì fún abala mẹ́ta, Boston ò sì rí ayò kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé àga tó ń mì síwá-sẹ́yìn fún un níbi tó ti ń dúró de àkókò rẹ̀, kí àwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó wá ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kí a jókòó tì díẹ̀ ni Luis Tiant.

Ọmọ Havana ní Kúbà ni, ìlú tí ìlù bàtá tí àwọn Lùkùmí gbé kúrò nílẹ̀ wa ò tíì dákẹ́ di òní olónìí. Bàbá rẹ̀ náà, Luis Tiant lorúkọ tiẹ̀ náà, ajubọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ òsì ni, ó ti bá àwọn New York Cubans ṣeré nínú líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó mọ iṣẹ́, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ ò jẹ́ kó dé líìgì ńlá. Ọmọ kúrò nílé lọ síbi eré, ọ̀rọ̀ Kúbà àti Amẹ́ríkà sì dàrú lẹ́yìn rẹ̀, kò lè padà wálé mọ́.

Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, agbára ló fi ń jù ú. Ní 1968 ní Cleveland, bí ẹ bá pín ayò tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ sí abala mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, 1.60 ni, ìyẹn ni pé nínú odindi eré kan, ayò méjì ò pé. Ó dára. Nígbà tó di 1970, eegun ẹ̀yìn ejìká rẹ̀ sán. Ẹgbẹ́ tó wà nígbà náà lé e. Òmíràn gbà á, kò pẹ́, òun náà jẹ́ kó lọ. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni ọgbọ̀n ọdún, ejìká ti ṣẹ́, ilé ò ṣeé lọ. Kí lẹ rò pé ó ṣe?

Ó kẹ̀yìn sí onígi. Mo ní ó kẹ̀yìn sí i! Bó bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, á yí ara rẹ̀ bírí títí tí onígi á fi máa wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀. Á gbójú sókè bí ẹni tó ń wo ẹyẹ. Lẹ́yìn náà bọ́ọ̀lù á jáde, nígbà mìíràn látòkè, nígbà mìíràn láti ẹ̀gbẹ́, nígbà mìíràn kíákíá, nígbà mìíràn bí ìgbín. Onígi tó gbára lé wíwo ejìká àti ọwọ́, kí ló kù tó fẹ́ wò? Ní 1972, ní Boston, ó tún padà sí 1.91, kò sì sí ẹni tí òǹkà tirẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú líìgì rẹ̀ lọ́dún yẹn.

Ní oṣù kẹjọ 1975, wọ́n gbà fún bàbá àti ìyá rẹ̀ láti wá láti Kúbà. Bàbá àti ọmọ ò tíì fojú kanra fún ọdún mẹ́rìnlá. Wọ́n mú bàbá bọ́ sórí òkìtì Fenway Park ní Boston pé kó ju bọ́ọ̀lù ìṣíde. Bàbá bọ́ kóòtù, ó gbé e fún ọmọ. Ọmọ, tí gbogbo Boston ń pariwo orúkọ rẹ̀, dúró, ó gbé kóòtù bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá jù ú. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó nawọ́ pé kí wọ́n dá bọ́ọ̀lù padà, ó tún un jù. Àgbà tó ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún ni o, tí líìgì ńlá kọ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi lágbára. Ó ní òun ò ní fi òkìtì yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tí kò dáa.

Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ọmọ rẹ̀ bá Cincinnati pàdé nínú World Series, ìdíje àṣekágbá ọdún, kò jẹ́ kí wọ́n rí ayò kan nínú eré àkọ́kọ́. Ní eré kẹrin, ó ju bọ́ọ̀lù tó lé ní 150, ó rẹ̀ ẹ́, ó ń yí bírí, ó ń wojú ọ̀run, ó sì fi ayò kan borí. Eré 229 ló borí kó tó fẹ̀yìn tì. Ó jáde láyé ní 2024.

Ẹ̀kejì: ìka ọwọ́

Ẹ wo ọwọ́ mi. Mo mú bọ́ọ̀lù kan wá. Ọmọ, gbà á, kó o fún bàbá yìí náà. Ẹ jẹ́ kó yí gbọ̀ngàn ká, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú u jẹ. Ẹ fọwọ́ ra okùn pupa tó wà lára rẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ 108 ni wọ́n fi rán an, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán an. Awọ ibi tí kò sí okùn ń yọ̀, ibi okùn ga. Okùn yẹn ni ìka ajubọ́ọ̀lù ń bá sọ̀rọ̀.

Bí o bá fi ìka méjì dábùú okùn, tó o jù ú tọ́, bọ́ọ̀lù á máa yí sẹ́yìn bó ṣe ń lọ, atẹ́gùn á gbé e díẹ̀. Kì í gòkè o, irọ́ ni, ohun tó ń ṣe ni pé kì í wálẹ̀ tó bí ojú ṣe retí, igi á sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí o bá wá fi ìka gbá okùn kan mú, tó o yí ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn, á máa yí síwájú, á dédé já lulẹ̀ bí màǹgòrò. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ọkùnrin kan wà láyé àtijọ́, Mordecai Brown. Nígbà tó wà lọ́mọdé lóko ní Indiana, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé oúnjẹ ẹran jẹ ìka ìlábẹ̀ rẹ̀, kùkùté ló kù. Kò pẹ́ tó tún ṣubú, ìka tó kù ṣẹ́, wọ́n sì jiná ní wíwọ́. Tó bá jẹ́ ọmọ wa ni, ṣé a ò ní sọ pé eré bọ́ọ̀lù ti parí fún un? Nígbà tó di bọ́ọ̀lù mú, kùkùté yẹn ló ń mú kó yí lọ́nà tí ọwọ́ tó pé kò lè gbà yí i. Ó borí nínú eré 239, ó sì bá Chicago Cubs gba ife ní 1907 àti 1908. Ìka Mẹ́ta ni gbogbo Amẹ́ríkà ń pè é.

Mariano Rivera náà nìyẹn, ọmọ apẹja láti Puerto Caimito ní Panama. Páálí mílíìkì ni wọ́n fi ṣe ìbọ̀wọ́ àkọ́kọ́ tó lò. Ní 1997, ó ti wà ní New York Yankees, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà bàrá nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé. Kì í ṣe pé ó pinnu bẹ́ẹ̀. Òun àti kóòṣì gbìyànjú títí kí ó lè máa lọ tààrà bíi ti tẹ́lẹ̀, kò gbà. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó kọ̀ láti lọ tààrà yẹn ni wọ́n ń pè ní cutter, òun nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jù fún ọdún mẹ́rìndínlógún tó tẹ̀lé e. Igi tó ti ṣẹ́ mọ́ àwọn onígi lọ́wọ́ nítorí rẹ̀ ò lóǹkà. Gbogbo wọn mọ̀ pé ó ń bọ̀, wọn ò sì rí i gbá. Ní 2019, gbogbo ẹni tó dìbò fún ilé àwọn gbajúmọ̀ ní Cooperstown ló dìbò fún un, kò ku ẹnì kan. Kò tíì sí ẹlòmíràn tó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ìgúnpá, àti ohun tí mo ṣe fún ọmọ mi

Mo ti débi tó ń dùn mí.

Sandy Koufax ní apá tí Ọlọ́run fi ṣe ẹ̀bùn. Ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, kò fi ṣe nǹkan gidi. Ó ń jù ú kíkankíkan, bọ́ọ̀lù ń lọ ibi tó wù ú. Ní 1961, ahánbọ́ọ̀lù rẹ̀, Norm Sherry, sọ fún un pé kó dẹwọ́ díẹ̀, kó má fi gbogbo agbára jù ú mọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ó dẹwọ́. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ò tilẹ̀ yá dín, ó kàn wá ń gbọ́ràn ni. Ọdún bíi márùn-ún tó tẹ̀lé e, kò sí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgúnpá òsì rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó borí nínú eré 27 ní 1966, ó sì fẹ̀yìn tì lọ́dún yẹn, ẹni ọgbọ̀n ọdún.

Ní 1974, okùn inú ìgúnpá Tommy John já. Dókítà Frank Jobe ní Los Angeles yọ iṣan láti apá ọ̀tún rẹ̀, ó fi rán ìgúnpá òsì. Ẹni tó yẹ kó lọ máa ta mọ́tò padà sórí òkìtì ní 1976, ó ṣeré títí di 1989. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ abẹ náà di òní. Nítorí rẹ̀, àwọn òbí kan wá ń sọ pé kò sí wàhálà, bó bá já, wọ́n á rán an. Ẹ gbà mí!

Àkọ́bí mi, nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, òun ló ń ju bọ́ọ̀lù tó yá jù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ mọ bí orí wa ṣe ń wú. Mo ra ẹ̀rọ tí ń ka bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yá tó, irú èyí tí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ń gbé. Mo fi í sínú ẹgbẹ́ méjì, ọ̀kan ní Sátidé, ọ̀kan ní Sunday lẹ́yìn ìsìn. Kóòṣì kìíní ń ka iye tó jù, kóòṣì kejì ń ka tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó yẹ kó ro méjèèjì pọ̀ àfi èmi, èmi ò sì rò ó. Ní alẹ́ ọjọ́ ajé, lábẹ́ iná ẹ̀yìnkùlé, màá tún ní kó jù díẹ̀ sí i. "Lé e dé máìlì 60," ni mò ń sọ. Ojú mi ò kúrò lára ẹ̀rọ, mi ò wojú ọmọ.

Alẹ́ ọjọ́ kan, a ń jẹ ìrẹsì. Ọmọ ń fi ọwọ́ òsì jẹun. Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní irú ìwà àrífín wo nìyẹn, ṣé nítorí pé a wà ní Amẹ́ríkà ló ṣe ń fi ọwọ́ òsì jẹun níwájú bàbá rẹ̀? Ó gbé ṣíbí sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ náà gbéra, ó dé ìdajì ọ̀nà, kò lè dé ẹnu. Ìrẹsì dà sórí tábìlì. Ọmọ ò sunkún. Ó kàn ń wo ìrẹsì náà. Ìyá rẹ̀ ló dìde. Kò wo ojú mi títí ilẹ̀ fi mọ́.

Dókítà ní eegun ọmọdé ní ibi rírọ̀ tó fi ń dàgbà, ibẹ̀ ni mo ti ń fà láti bí oṣù mélòó kan. Ọpẹ́ ni pé ìsinmi ló wò ó, kò gba iṣẹ́ abẹ. Àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n, nítorí náà ẹ gbé fóònù yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, ìlànà tí líìgì ńlá fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ni pé kó má ju 75 lọ lóòjọ́. Mọ́kànlá sí méjìlá, 85. Lẹ́yìn náà, ìsinmi ọjọ́ mélòó kan. Láàárín ọdún, oṣù mẹ́rin gbáko láì ju nǹkan kan. Ẹgbẹ́ méjì, òǹkà kan! Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá rí ọmọ tó pa ọwọ́ ìjẹun dà, ẹ má jágbe. Ẹ bi í.

Ẹ̀kẹrin: ọkàn, n ò ní pẹ́ lórí èyí

Bob Gibson, ọmọ Omaha. Ní oṣù keje 1967, bọ́ọ̀lù tí Roberto Clemente gbá bà á lẹ́sẹ̀. Ó tún ju bọ́ọ̀lù sí onígi mẹ́ta kí eegun tó dá pátápátá. Ní oṣù kẹwàá, ó ti padà, ó fi eré mẹ́ta borí Boston nínú World Series. Ọdún tó tẹ̀lé e, ayò 1.12 ní abala mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ló fi parí, ó sì lé onígi 17 ti Detroit ní òfo mẹ́ta nínú eré àkọ́kọ́ World Series. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ le débi pé wọ́n gé òkìtì kù lẹ́yìn ọdún yẹn, láti íńsì 15 sí 10. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn ìtàn yìí. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Mi ò fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni fi eegun tó ti sán dúró.

Èyí tí mo fẹ́ràn ni ti alẹ́ kan ní 2001, ní Arizona. Eré ìkẹyìn World Series, abala ìkẹyìn, Yankees ló wà níwájú pẹ̀lú ayò kan. Rivera wà lórí òkìtì. Òun fúnra rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù kan dànù nígbà tó fẹ́ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Luis Gonzalez gbá cutter rẹ̀, igi kán, bọ́ọ̀lù náà kò lágbára, ó kàn fò pẹ́ẹ́ lórí àwọn tó wà nítòsí, ó balẹ̀. Ó tán. Ife lọ. Ọdún tó tẹ̀lé e ńkọ́? Ó bọ́ síta, ó ju bọ́ọ̀lù kan náà. Kó tó fẹ̀yìn tì, eré 652 ló ti bá wọn dáàbò bò dé òpin, kò sẹ́ni tó tó o nígbà náà, kò tíì sí di òní.

A máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Gbogbo wa la ti ń fi í yin àgbà. Lórí òkìtì, ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe bí ọmọdé. Cy Young tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹ̀bùn yẹn borí nínú eré 511, kò sẹ́ni tó borí tó o. Ṣé ẹ mọ ẹni tí wọ́n borí jù lọ? Cy Young náà ni, ó lé ní 300.

Ọbẹ̀ ti jinná, mo ti rí i lójú alága. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ dé fìlà, bọ́ọ̀lù mi dà? Ọwọ́ ta ló wà? Ẹ mú un bọ̀ níta, koríko wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. A ó ju changeup. Ẹ̀yin bàbá, ẹ jókòó jẹun, ẹ má tẹ̀lé wa. Àkọ́bí mi ti dé láti Dallas láàárọ̀ yìí, ó wà níta níbẹ̀, òun ni yóò máa ka iye. Ogún ni ó sọ fún mi. Mo ní kó jẹ́ ọgbọ̀n, ó wo ojú mi.

Ogún ni.